Bàtà Tí Kò Léyín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò ṣe rí ní Lomé nígbà náà, ìsọ̀ Yésúfù aránbàtà ní Bè ni kó yà sí. Yésúfù kì í sáré lọ wo bọ́ọ̀lù. Bàtà àwọn tó ń gbá a ló ń wò, abẹ́ bàtà gan-an, ó sì máa ń rí níbẹ̀ ohun tí àwọn tó ń pariwo létí pápá kò rí.

Bí ilé-ìwé bá ti wọlé ní oṣù kẹwàá, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ikọ̀ méjì tí kì í fojú rere wo ara wọn máa ń kó bàtà wọn wá fún un. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Étoile wà ní Bè níbẹ̀, lórí iyanrìn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Avenir wà ní Agbalépédogan, lódìkejì ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀ ti pọ́n bí epo. Kò sí aránbàtà mìíràn nítòsí tó mọ bí a ti ń kan eyín sábẹ́ bàtà bọ́ọ̀lù kí ó má yẹ̀ lójú eré. Yésúfù á so ti Étoile rọ̀ sí ògiri ọ̀tún, á so ti Avenir rọ̀ sí ti òsì, ohun tó bá sì rí lára bàtà ọ̀tún, ẹni tó ni ti òsì kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi gbà á gbọ́.

Wọ́n ní àṣà kan pẹ̀lú. Ní ọjọ́ eré àkọ́kọ́, Yésúfù fúnra rẹ̀ ló ń ru àpò bàtà méjèèjì lọ sí pápá. Níbẹ̀ ni balógun ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á ti fi àtẹ́lẹwọ́ ra abẹ́ bàtà àwọn alátakò, kó lè dá a lójú pé kò sí ìṣó tó yọrí síta tó lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń wọ̀ ọ́.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Yésúfù ti fi ẹ̀mú yọ gbogbo eyín àtijọ́ kúrò lábẹ́ bàtà ikọ̀ méjèèjì, ó sì ń yẹ̀ wọ́n wò kó tó kan tuntun. Iyanrìn máa ń jẹ eyín bàtà bí omi ṣe ń jẹ ọṣẹ, díẹ̀díẹ̀, yíká-yíká. Ilẹ̀ pupa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á lẹ̀ mọ́ ọn, á gbẹ, á wá fa etí rẹ̀ ya. Ó gbé bàtà òsì Ayọ̀délé, balógun Étoile, sójú oòrùn pẹ̀lú àwọn eyín tó yọ lábẹ́ rẹ̀. Eyín tó ti wà lábẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù ti jẹ tán pátápátá, àwọn yòókù ṣì ga. Orí ẹyọ eyín yẹn ni ọmọ náà ti máa ń yí bìrí nígbà tí alátakò bá rò pé iwájú ló ń lọ. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú ti Kòjó, balógun Avenir, tó ń gbá ẹ̀yìn. Ojú rírán ti iwájú bàtà náà tún ti já, bó ṣe já lọ́dún tó kọjá. Yésúfù mi orí. Ọmọ yìí ṣì ń fi ṣóńṣó ìka gbá bọ́ọ̀lù. Ó fi awọ méjì lé ara wọn níwájú níbẹ̀, ó tún un rán, ó sì fa òwú rẹ̀ le.

“Bàbá Bíọ́dún, kí ni bàtà wí lọ́dún yìí?”

Ìyá Ayọ̀délé ló ń pè é láti òdìkejì ọ̀nà, níbi tó ti ń ta ẹ̀wà àti gàrí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Grace lorúkọ rẹ̀ kí ìjọba ológun tó pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Nínú ìwé, ó ti di Tinúkẹ́. Ní àdúgbò, Grace náà ni.

“Bàtà ní kí ẹ bu ẹ̀wà sí i,” Yésúfù dáhùn.

“Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín! Ṣé Étoile ni àbí àwọn ará oko wọ̀nyẹn?”

“Ẹ mọ̀ pé mi ò kí ń sọ.”

“Ẹnu yín ò kí ń sọ, ojú yín ń sọ. Ẹ wo bí ẹ ṣe di bàtà ọmọ mi mú bí ẹni di ẹyin mú! Mo ti mọ̀. A ti nà wọ́n tán.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Yésúfù náà rẹ́rìn-ín sínú, nítorí pé òótọ́ ni. Bí bàtà bá ń sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ lọ́dún yìí ni pé Étoile yóò borí, àti pé Ayọ̀délé yóò fi Kòjó ṣeré bó ṣe fi í ṣeré lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni mọ́tò jáńdáàmù, àwọn ọlọ́pàá ológun, dúró níwájú ìsọ̀.

Ajidán ló sọ̀kalẹ̀. Ipò rẹ̀ nínú iṣẹ́ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Òun ni bàbá Kòjó. Òun náà ló jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí kàátì àwọn àlejò tó ń gbé Lomé, Yésúfù sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

“Nàgó, ẹ kú iṣẹ́,” ó wí ní èdè Mina. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀.

“Ẹ ṣeun o, Ajidán. Ẹ wọlé, ẹ jókòó.”

Ajidán kò jókòó. Ó rìn lọ sí ògiri ọ̀tún, ó wo bàtà Étoile lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà A sí lára.

“Ti ọmọ ẹlẹ́wà nìyí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“O mọ orin tí wọ́n fi ọmọ mi kọ lọ́dún tó kọjá? ‘Kòjó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́.’ Wọ́n kọ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà bárékè wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń kọ ọ́ nínú ilé ìwẹ̀, wọ́n rò pé etí mi di.” Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí abẹ́ bàtà náà ti jẹ jù. “Orí èyí ló ti ń yí. Ológun ni mí, mo ti wọ bàtà oníṣòó rí, mo mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Eyín ibí yìí, kan án lóréfèé. Kó dúró bó bá ń rìn, kó yẹ̀ bó bá yí.”

Yésúfù rò pé ó ń ṣàwàdà, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ.

“Ajidán, ìṣó á gún un lẹ́sẹ̀.”

“Ìṣó kékeré.” Ó na ọwọ́. “Kàátì rẹ dà? Jẹ́ n wò ó.”

Yésúfù yọ ọ́ nínú àpò. Ajidán ṣí i, ó kà á, ó sì tì í bọ àpò àyà ara rẹ̀, ó de bọ́tìnnì lé e.

“Sátidé, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, màá fi ọwọ́ ara mi mi eyín náà. Bó bá mì, o gba kàátì rẹ. Bí kò bá mì, o mọ bí nǹkan ṣe rí láàárín wa àti Kútọ̀nu lásìkò yìí. Nàgó tí wọ́n bá rí láìní kàátì, mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un.”

Mọ́tò náà lọ. Grace ń wo ìsọ̀ láti òdìkejì, ṣíbí lọ́wọ́.

“Ṣé kò sí, Bàbá Bíọ́dún?”

“Kò sí. Ọ̀rọ̀ bàtà ni.”

Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ti ń kan eyín bàtà. Awọ líle ni Yésúfù ń gé róbótó, á tò ó léra, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Á wá gbé bàtà bọ orí ẹsẹ̀ irin, irin tí wọ́n rọ bí ẹsẹ̀ ènìyàn tó dojú délẹ̀, á kan ìṣó gígùn gba inú eyín kọjá sínú bàtà. Nígbà tí ẹnu ìṣó bá kan irin yẹn nínú, kò ní ibi tó máa lọ mọ́. Á tẹ̀, á padà wọnú awọ bí ìwọ̀ ẹja. Ìró òòlù á yí padà ní àsìkò náà, láti orí “kọ” bọ́ sórí “kán”, Yésúfù á sì mọ̀ pé ó ti mú. Ìṣó tí kò dé ibi irin kò tẹ̀. Bí eyín bá ti mì, ìṣó náà á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò sì bá pàdé. Èyí tí Ajidán pè ní ìṣó kékeré nìyẹn.

Nígbà tí Àníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àníkẹ́ kò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ògiri ọ̀tún.

“Ẹ ṣe é fún un,” ó wí.

“Àníkẹ́.”

“Ṣé ọmọ yín ni Ayọ̀délé?”

“Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó ọwọ́ mi yìí ni mo ti ń wọn bàtà fún un.”

“Bíọ́dún ńkọ́? Ṣé láti Ṣakẹ́tẹ́ lẹ ó ti máa wọn ti Bíọ́dún? Ibodè tí ẹ lè kọjá lọ tí ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ padà?” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. “Ìyá ọmọ náà ń bu ẹ̀wà fún mi láìgbowó nígbà tí mo wà nínú oyún. Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ fún yín pé ẹ̀rù ń bà mí.”

Ẹ̀rù ń ba Yésúfù náà. Ó gbé òòlù, ó tún gbé e sílẹ̀. Bó bá kan eyín náà dáadáa, Ajidán á fọwọ́ mì í, á rí i pé kò mì. Bó bá kàn án lóréfèé tó sì sọ fún Ayọ̀délé lẹ́yìn náà kó má yí lórí ẹsẹ̀ òsì, ta ló lè sọ fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kó má yí nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń pe orúkọ rẹ̀? Bó bá gbé bàtà Étoile padà láìfọwọ́ kàn án, tó sì ṣe ti Avenir, ó ti rẹ́ ikọ̀ kan jẹ.

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tábìlì náà ti kúrú rí, ó sì máa ń mì bó bá ti ń lu nǹkan. Kò rí igi tí yóò fi mú un gùn, ló bá fi ayùn gé àwọn mẹ́ta yòókù. Tábìlì náà kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò mì mọ́.

Ó wo ògiri ọ̀tún, ó wo ti òsì. Kò sí eyín lábẹ́ bàtà kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló ti yọ gbogbo wọn.

Ó ká awọ tó ti gé sílẹ̀, ó tì í sábẹ́ tábìlì, ó sì fi aṣọ bò ó. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì dá iṣẹ́ padà láìparí rí.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, pápá Avenir ní Agbalépédogan ti pọ́n, ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Wọ́n ti to àga àwọn ènìyàn ńlá sábẹ́ àtíbàbà, àwọn dirẹkítọ̀ ilé-ìwé méjèèjì ti jókòó, Ajidán sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n lọ̀ kó gún. Àwọn ọmọ Étoile ti rin ìrìn láti Bè, wọ́n ń kọrin Kòjó tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́. Grace wà láàárín wọn, ó ń ju ìborùn rẹ̀ sókè.

Yésúfù gbé àpò méjèèjì kalẹ̀ ní àárín pápá. Ayọ̀délé àti Kòjó wá, wọ́n kúnlẹ̀ láti fi àtẹ́lẹwọ́ ra abẹ́ bàtà ara wọn bí àṣà. Ayọ̀délé ló kọ́kọ́ dúró.

“Bàbá, eyín rẹ̀ dà?”

“Ti yín náà ò ní,” Kòjó wí. Ó da àpò kejì dojú délẹ̀. “Kò sí ìkankan tó ní.”

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi,” Yésúfù wí. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí lójú ọ̀nà. “Awọ tí mo ń retí ò dé. Ẹ mọ bí ibodè ṣe rí. Mi ò parí i.”

Gbogbo pápá rú. Ẹnìkan kígbe pé kí wọ́n lé arúgbó náà. Grace la àárín èrò kọjá, ó dé iwájú rẹ̀.

“Awọ ò dé? Awọ tí mo fi ojú mi rí tí ẹ ń gé ní Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Bàbá Bíọ́dún, awọ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Yésúfù tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Ajidán ti dé. Èrò pín fún un láìjẹ́ pé ó sọ pé àgò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà tí wọ́n kọ lẹ́tà A sí, ó yí i dé. Ó wo abẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó gbójú sókè wo Yésúfù. Ajidán mú bàtà Kòjó, ó yí ìyẹn náà dé.

“Arákùnrin yìí gbọ́n,” ó wí jẹ́jẹ́, ó sì ju bàtà náà sílẹ̀.

Àjàyí, olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n ní kó ṣe adájọ́ eré, wo àtíbàbà, ó wo ojú ọ̀run. Kò lè sọ fún àwọn ènìyàn ńlá pé kí wọ́n dìde kúrò lórí àga. “Bàtà tí kò léyín lórí amọ̀ yìí, ẹ ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀,” ó wí. “Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo yín máa fi gbá a. Balógun méjèèjì, ṣé ẹ gbà?”

“Mo gbà,” Ayọ̀délé wí, ṣùgbọ́n ojú tó fi wo Yésúfù korò.

“Mo gbà,” Kòjó wí. Òun ti jókòó sílẹ̀, ó ń bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kánkán bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ìdè.

Yésúfù dúró létí pápá, lẹ́yìn òpó góòlù, níbi tí kò ti sí ẹni tó fẹ́ dúró tì í. Fèrè dún.

Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Ayọ̀délé ní kíá. Ó sáré síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀, ó yí. Amọ̀ kò gbà á. Ó ṣubú lulẹ̀ lórí ìdí, àwọn ọmọ Avenir sì bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó tún gbìyànjú, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n Kòjó ti wà níwájú rẹ̀. Ó gba apá kejì, Kòjó wà níbẹ̀.

“Kòjó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́!” ni àwọn Étoile ń kọ.

“Afẹ́fẹ́ ti ṣubú!” ni àwọn Avenir fi dá wọn lóhùn.

Yésúfù kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ Kòjó nìkan. Ẹsẹ̀ náà fẹ̀. Ìka rẹ̀ tẹ́ bí ìka ọwọ́, ó ń di ilẹ̀ mú, àtàǹpàkò sì yà kúrò lára àwọn yòókù pátápátá. Ẹsẹ̀ tó tóbi tó báyìí, báwo ló ṣe ń wọnú bàtà tí òun ń tọ́jú yẹn? Ojú rírán tó ń já níwájú, ẹ̀yìn bàtà tó ń tẹ̀ pọ̀! Ọmọ náà kì í fi ṣóńṣó ìka gbá bọ́ọ̀lù. Bàtà ló kéré. Nígbàkígbà tó bá já, òun Yésúfù ni ó ń fi awọ méjì tún un rán, tó ń fa òwú rẹ̀ le, tó ń mú un kéré sí i. Ohun tó ti ń kà sí ìwà ọmọ náà, ìrora rẹ̀ ni.

Ìdajì àkọ́kọ́ parí láìsí góòlù. Ní ìdajì kejì, ikọ̀ méjèèjì ti pupa láti orí dé ẹsẹ̀, ènìyàn kò mọ ti Étoile yàtọ̀ sí ti Avenir mọ́. Ayọ̀délé rí ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a, bọ́ọ̀lù kan òpó tí Yésúfù dúró sí lẹ́yìn, gbogbo òpó náà gbọ̀n. Bọ́ọ̀lù fò padà. Kòjó gbà á, kò fún ẹnikẹ́ni, ó gbé e kọjá àárín pápá, ó ń sáré bí ẹni tí kò tíì sáré rí láyé rẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn, ó fi orí ẹsẹ̀ gbá a. Bọ́ọ̀lù ti mu omi, ó wúwo, kò fò ga. Aṣọ́lé Étoile fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé.

Bó ṣe parí nìyẹn. Avenir borí pẹ̀lú ẹyọ kan.

Wọ́n gbé Kòjó sókè. Àwọn Étoile jókòó sínú amọ̀. Yésúfù ń kó bàtà Étoile padà sínú àpò nígbà tí ọwọ́ kan gbá a léjìká, tí ohùn kan sì ké tí gbogbo àyíká gbọ́:

“Nàgó! O ṣeun! O mọṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ!”

Ajidán ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ti wà ní bọ́tìnnì àpò àyà rẹ̀.

Ayọ̀délé gbórí sókè. Grace, tó ń fi ìborùn nu amọ̀ lójú ọmọ rẹ̀, dúró.

“Kí ni wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín?” ó bi í. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. “Bàbá Bíọ́dún, ẹ wò mí. Kí ni wọ́n ń dúpẹ́ sí?”

Yésúfù wo àpò àyà Ajidán. Ó rí etí kàátì rẹ̀ tó ń yọjú. Kó kàn na ọwọ́, kó dákẹ́, kó lọ sílé. Àníkẹ́ ń dúró. Kò sí ohun tó rọrùn tó ìyẹn.

“Ajidán,” ó wí, ní Mina, sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́, “ẹ gba ọpẹ́ yín padà. Ohun tí ẹ ní kí n ṣe, mi ò ṣe é. Ìdí tí mi ò fi kan eyín sí ti ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ọmọ yín borí fúnra rẹ̀.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Ajidán. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. Àwọn tó gbé Kòjó ti gbé e sílẹ̀, ó sì ti dé ẹ̀yìn bàbá rẹ̀.

“Pàpá, kí lẹ ní kí wọ́n ṣe?”

“Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.”

Kòjó kò lọ. Ó wo bàtà Ayọ̀délé tó wà lọ́wọ́ Yésúfù, ó wo bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ sọ pé ó ti yé e.

“Ẹ rò pé mi ò lè mú un.”

“Wọ́n ń fi ọ́ kọrin, Kòjó.”

“Bàtà yẹn ló kéré, Pàpá. Láti ọdún tó kọjá ló ti kéré sí mi. Mi ò lè sáré nínú ẹ̀.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ẹ ti sọ fún gbogbo bárékè pé láti Faransé ni ẹ ti ní kí wọ́n bá mi rà á wá.”

Ajidán wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ nínú amọ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé kò rí i rí. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó rìn lọ síbi mọ́tò rẹ̀ láìwo àtíbàbà. Kàátì Yésúfù wà nínú àpò àyà rẹ̀, ó bá a lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, Àníkẹ́ di ẹrù sínú àpótí kan. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn ń ká aṣọ, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ní àárọ̀ Ajé, Yésúfù ṣí ìsọ̀ nítorí pé kò mọ ibòmíràn tí yóò jókòó sí. Ó fa awọ jáde lábẹ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan eyín sí bàtà Étoile. Bí mọ́tò kan bá ti ń bọ̀, òòlù á dúró lókè lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi kọjá.

Grace kọjá ọ̀nà wá, ó gbé abọ́ ẹ̀wà kan kalẹ̀ lórí tábìlì, gbà.

“Mo ṣì ń bínú,” ó wí. “Ẹ̀ bá ti sọ fún mi.”

“Kí lẹ ó ṣe bí mo bá sọ fún yín?”

Ó rò ó. “Ǹ bá ti lọ pariwo ní bárékè, wọ́n á sì ti gbá mi mú.” Ó tún un rò. “Ẹ jẹun. Ata pọ̀ níbẹ̀ o.”

Ayọ̀délé ti dé lẹ́yìn rẹ̀, ó wá mú bàtà tirẹ̀. Ó ń fi ìka tẹ àwọn eyín tuntun wò lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí Kòjó yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti òdìkejì ọ̀sà, ó ru àpò bàtà Avenir lórí. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì wo ara wọn.

“Ẹni tí amọ̀ bo ìtìjú rẹ̀,” Ayọ̀délé wí. “Ẹ ó bọ̀ wá sórí iyanrìn.”

“Kan eyín mẹ́wàá sí i,” Kòjó dá a lóhùn. “Ibi tí o bá yí sí, wàá bá mi níbẹ̀.”

Ó sọ àpò kalẹ̀. Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fa kàátì kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Yésúfù.

“Kí ni bàbá rẹ wí?” Yésúfù bi í. Ó gbà á, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí i.

“Wọn ò wí nǹkan kan. Láti Sátidé ni wọn ò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé. Ní òwúrọ̀ yìí, mo bá a lórí bàtà mi, lẹ́nu ọ̀nà.”

Yésúfù ṣí i. Òǹtẹ̀ ọdún tuntun wà níbẹ̀, yíǹkì rẹ̀ ti ràn díẹ̀ nítorí pé wọ́n pa á dé kí ó tó gbẹ. Ó tì í bọ àpò. Ó fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó sì wá ẹfun rẹ̀ nílẹ̀ títí ó fi rí i.

“Gbé ẹsẹ̀ rẹ síbí,” ó wí. “Fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Má ká ìka kò.”

Kòjó gbé e. Yésúfù kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹfun tọ ẹsẹ̀ náà yíká, jẹ́jẹ́, láti gìgísẹ̀ lọ síwájú. Nígbà tó dé ibi àtàǹpàkò, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀.